Àwo Ìyá Rávì Ṣì Wà Lọ́dọ̀ Wa

Àwo irin pẹrẹsẹ kan wà lórí fíríìjì ìyá mi ní Country Club Hills, lẹ́bàá Chicago, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ẹ̀rù ọlọ́pàá lọ. Wọ́n gbé e ti ògiri, ó sì ń dán bíi dígí. Tí mo bá fẹ́ mu omi, mo máa ń rí irùngbọ̀n funfun mi nínú rẹ̀, tí ojú mi fẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìṣọ̀ ẹran.

Àwo náà kì í ṣe tiwa. Ti Ìyá Rávì ni, ìyá ará Íńdíà tí ilé òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tiwa. Nígbà ọdún Dìwálì wọn ló fi gbé múrúkù wá fún wa. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe múrúkù, wọn á ká a rogodo bí òṣùká, wọn á sì dín in títí tí á fi máa ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu. A jẹ ẹ́ tán. Ìyá àgbà mi fọ àwo, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n gbé e síbẹ̀, wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ àwọn á mọ ohun tí àwọn máa bù sí i. Jímọ̀ ò tíì pé tí wọ́n fi lọ. Wọ́n sùn lọ́sàn-án lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, wọn ò sì jí mọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń pè mí ní Ọ́ńkù, ló ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí nípa Ìyá Àgbà, torí pé èmi ni mo bá wọn gbélé jù. Mo ní mi ò kàwé púpọ̀. Sìdí, àbígbẹ̀yìn wọn, ní, "Ọ́ńkù, ẹ ṣáà kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀." Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí. Ẹ má bi mí ní ọdún tí wọ́n bí wọn tàbí iléèwé tí wọn ò lọ. Ọ̀rọ̀ àwo ni mo fẹ́ sọ, torí ẹni tó bá mọ bí Ìyá Àgbà ṣe ń ṣe sí àwo, ó ti mọ Ìyá Àgbà tán.

Òfin kan ni wọ́n gbé wá láti Ìsẹ́yìn, tí yìnyín Chicago ò lè pa. Àwo tí ẹnìkan bá fi gbé oúnjẹ wá fún ẹ, o ò gbọdọ̀ dá a padà lófìfo, kódà kó jẹ́ iyọ̀ lo máa bù sí i. Ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan tòun tẹsẹ̀ wíwú, ó ní, "Màámi, àwo ṣáà ni. Ẹ jẹ́ kí Àkànní gbé e fún wọn." Èmi ni Àkànní. Mo ti nawọ́ sí àwo náà kí n tó rí ojú tí Ìyá Àgbà fi wò wá, bí ẹni pé a ní kí àwọn rìn lọ sọ́jà níhòòhò. Mo dá ọwọ́ mi padà sápò.

"Àwo tó bá lọ lófìfo," ni wọ́n wí, "èébú ló rù."

Ohun tí a ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ní Íńdíà náà. Bí a bá dá àwo padà pẹ̀lú dòdò, á tún padà wá pẹ̀lú sàmósà. Bí a bá gbé e lọ pẹ̀lú kókóró, á wọlé pẹ̀lú ládù, ìyẹn àdídùn róbótó kan tí ṣúgà rẹ̀ lè jí òkú. Àwo náà ò rí ibi sinmi. Láàárín ilé wa àti tiwọn, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà àti ti Ìyá Rávì ti la ọ̀nà tóóró kan sórí koríko, koríko tí mo ń sanwó oògùn rẹ̀! Bí mo bá ráhùn, Ìyá Àgbà á ní ṣé màlúù ni mí ni, tí koríko fi ń dùn mí.

Wọ́n ti di àgbàlagbà kí wọ́n tó dé Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì ò yà wọ́n lẹ́nu, wọn ò sì bá a jà. Wọ́n kàn pa á tì sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Yorùbá ni wọ́n fi ń kí gbogbo ayé. Ẹni tó ń pín lẹ́tà: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín: "Ẹ kú òtútù, ẹ ò ní gan mọ́bẹ̀." Ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ilé ìtajà ní Homewood: "Ẹ kú ìjókòó." Ojú á máa tì mí, màá máa ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀ wọ́n, èmi tí mo ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́yìn wọn.

"Màmá, wọn ò gbọ́ o," ni mo máa ń sọ.

"Ta ló ní wọn ò gbọ́?" Wọ́n fi ẹnu júwe ọmọbìnrin náà, tó ti ń fi eyín méjìlélọ́gbọ̀n rẹ́rìn-ín sí wọn. "Ẹni tí a kí, tó rẹ́rìn-ín, ó ti gbọ́ Yorùbá."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìyá Rávì. Orúkọ ìyá náà gan-an gùn bí ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí. Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ wò. Wọ́n bi mí pé kí lorúkọ àkọ́bí rẹ̀, mo ní Rávì ni wọ́n ní. Ó parí. Láti ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà ti di Ìyá Rávì, tí ọkọ rẹ̀, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í gbé ohùn sókè, di Bàbá Rávì. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Bàbá Rávì sọ fún mi pé ní ìlú àwọn náà, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe ìyá ọmọ.

Dìwálì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tọkọtaya náà jọ gbé àwo yẹn wá. Aṣọ Ìyá Rávì ń tàn yòò. Bàbá Rávì wọ súwẹ́tà lé tirẹ̀ nítorí òtútù. Wádà ló wà nínú àwo. Wọ́n rẹ ẹ̀wà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi ata àti àlùbọ́sà sí i, wọ́n dín in nínú òróró. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá Àgbà mú ọ̀kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n sì ti inú ihò tó wà láàárín rẹ̀ wo Bàbá Rávì.

"Ta ló lu àkàrà yìí nihò?"

Bàbá Rávì yíjú sí mi. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ ṣeun púpọ̀."

"Irọ́ lò ń pa," ni Ìyá Àgbà wí. "Bi wọ́n bí mo ṣe bi wọ́n."

Mo bi wọ́n. Ìyá Rávì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́ ẹ̀rín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá òun ṣe ń ṣe é, ihò náà ló ń jẹ́ kí inú rẹ̀ jiná. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà ní ìyá tàwọn náà dín àkàrà títí wọ́n fi kú, inú rẹ̀ jiná, wọn ò lù ú nihò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rẹ ẹ̀wà, wọ́n bó o, wọ́n sì ní kí n lọ pe Ìyá Rávì wá wò ó. Àwọn méjèèjì dúró síwájú iná, ọ̀kan ń sọ Yorùbá, ọ̀kan ń sọ Tàmílì, wọ́n ń jiyàn, wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí nítorí òróró gbígbóná. Kò sẹ́ni tó pè mí láti wá túmọ̀ nǹkan kan.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo bá Ìyá Àgbà nídìí wádà tó ṣẹ́kù, wọ́n ki ìka bọ ihò ọ̀kan bí òrùka, wọ́n ń jẹ ẹ́ yípo. "Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni," ni wọ́n wí. Láti ìgbà náà, bí wádà bá ti dé ní Dìwálì, wọn á gbé ọ̀kan sójú, wọn á béèrè ìbéèrè yẹn kan náà, wọn á sì dá ara wọn lóhùn.

"Àkàrà tó bá nihò," wọn á ní, "ẹni tó dín in ń wá ọ̀nà àtisá."

Kí n tó gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rù, kó má di pé Sìdí ló máa sọ ọ́. Mo jẹ́ ojo. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi mọ́tò gbé èrò, ẹ̀rù yìnyín sì ń bà mí. Mísítà Wọ́kà tó ń gbé ní òdìkejì títì ní ajá kan tó tóbi bí ewúrẹ́ méjì, tó fẹ́ràn mi gan-an. Mo máa ń wo fèrèsé kí n tó jáde sọ́dọ̀ mọ́tò mi. Ní ti òróró gbígbóná, mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn nígbà tó ta jáde nínú agbada lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò tiẹ̀ kàn mí. Ṣùgbọ́n ilé kejì ni wọ́n ti rí mi, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì onílé. Ìyá Àgbà ló wá fà mí jáde, wọn ò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ láéláé.

"Ìbejì ni yín, ìwọ àti ẹ̀rù," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹ̀rù ni Táyé, ìwọ ni Kẹ́hìndé. Ibi tó bá kọ́kọ́ dé tó wò, ibẹ̀ lo máa ń bá a."

Tí ọdún bá ń parí lọ, tọkọtaya náà máa ń mú káàdì wá. Fọ́tò Rávì ló máa ń wà níwájú rẹ̀, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kalifóníà, gbogbo wọn nínú súwẹ́tà kan náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n á tẹ ìròyìn ilé sí. Ìyá Àgbà á fi àwọn àlejò jókòó, wọn á dá tíì sílẹ̀, wọn á sì ní kí Sìdí máa kà á ní Yorùbá. Yorùbá Sìdí yẹn, tó ń rìn bí ẹni tí bàtà ń pa lẹ́sẹ̀.

"Ó ní Rávì ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́."

"Àmín."

"Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti mọ fàolíìnì ta."

"Àmín. Ọlọ́run á jẹ́ kó ta á dalẹ́."

"Wọ́n ti tún, um, kíṣìnì wọn ṣe."

"Àmín, àmín. Iná ò ní jó o."

Bí ìyẹn bá tán, ó kan ìròyìn tiwa. A ò ní káàdì. Ìyá Àgbà ni káàdì wa, èmi sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọn á tún gèlè wọn wé, wọn á ní, "Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Sọ fún wọn pé Sìdí ti wọ yunifásítì, ó ní ẹ̀kọ́ nípa èrò inú èèyàn lòun ń kọ́, síbẹ̀ mo lè jókòó síbí kí n máa ronú tíì títí, kò ní mọ̀. Ìwọ náà, sọ fún wọn pé ìyàwó rẹ ti kọ̀ ọ́, o wà nínú yàrá abẹ́ ilé tòun ti báàgì rẹ tí o ò tíì tú, o ní o máa tó lọ. Sọ fún wọn pé mo ní kó o má tíì lọ, torí ta ló máa gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

Mo yíjú sí àwọn àlejò wa, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Wọ́n ní gbogbo wa wà ní àlàáfíà."

Ìyá Àgbà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gùn tó. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ni Sìdí bá gbà á lẹ́nu mi, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìku ẹyọ kan, títí kan ti báàgì. Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì. Ìyá Rávì fi etí aṣọ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n Bàbá Rávì ò rẹ́rìn-ín. Ó wo káàdì tó wà lórí tábìlì fúngbà díẹ̀, ó sì rọra dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ní Rávì ò tíì délé láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní fọ́tò yẹn, ojú fóònù làwọn náà ti kọ́kọ́ rí i bí àwọn ará yòókù. Nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn, Ìyá Àgbà ò ṣe àmín. Wọ́n bu tíì sí ife rẹ̀, wọ́n sún àga wọn mọ́ tirẹ̀.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìròyìn ni," ni wọ́n wí. "Èyí tí wọn ò tẹ̀ sórí káàdì ni ká máa gbọ́."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹran.

Lọ́dọọdún tí a bá ń ṣe Iléyá, Ìyá Àgbà máa ń yọ itan àgbò kan sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyókù. Aládùúgbò ló ni ín, aládùúgbò sì ni Ìyá Rávì. Wọn á fi aṣọ funfun bò ó, èmi á rù ú tẹ̀lé wọn gba ojú ọ̀nà tóóró yẹn. Bàbá Rávì á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á nà án jìnnà sí àyà rẹ̀ bí ọkùnrin tí wọ́n gbé ọmọ ikókó ẹni ẹlẹ́ni fún. Ìyá Rávì á tẹríba. Ìyá Àgbà á padà sílé pẹ̀lú ìgbéraga, wọn á ní ẹ wò bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹran, kì í ṣe bíi tàwa tí a máa ń já a gbà.

Ní Iléyá kan báyìí, Ìyá Àgbà àti èmi àti Sìdí jókòó síwájú ilé, à ń gbatẹ́gùn. Mísítà Wọ́kà sọdá títì wá tòun tajá rẹ̀. Mo bọ́ sẹ́yìn mọ́tò. Ó ṣí fìlà fún Ìyá Àgbà, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì fọwọ́ pa ikùn.

"Ó ní ẹ ṣeun fún ẹran," ni Sìdí wí. "Ó ní tọdún yìí ló dùn jù."

"Ẹran wo? Mi ò fún un lẹ́ran."

Sìdí tún bi í. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá àgbà... ó ní àwọn Bàbá Rávì ló máa ń gbé e fún òun. Lọ́dọọdún. Ó ní wọn kì í jẹ ẹran. Wọn ò jẹ ẹ́ rí láyé wọn."

Mísítà Wọ́kà rí i pé òun ti fọ́ nǹkan, kò kàn mọ ohun tó jẹ́. Ó ní ó ṣì ku egungun nílé o, bóyá kí òun lọ gbé e wá. Ajá rẹ̀ gbóòórùn mi lẹ́yìn mọ́tò, ó ń ju ìrù.

Wọn ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n rán mi lọ bi Bàbá Rávì ní gbogbo ohun tí wọn kì í jẹ. Mo lọ, mo dé, mo dúró síwájú wọn bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù.

"Wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja."

"Adìyẹ ńkọ́?"

"Ẹran ni, màmá."

"Ẹyin?"

"Wọn kì í jẹ ẹ́."

"Edé ńkọ́?"

"Wọn kì í jẹ ẹ́."

"Edé? Edé tí kò tó èékánná?"

"Wọ́n ní ó ní ẹ̀mí."

"Kí wá ni wọ́n fi ń gbé tiwọn ró?"

Wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sọ́jà. Wọ́n ra ìkòkò búlúù kan, ọ̀bẹ tuntun, ṣíbí tuntun, òróró tí wọn ò tíì ṣí, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan tí ẹran ò gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá mi ní ṣé a tún fẹ́ gbé ìyàwó tuntun wálé ni. Wọ́n se mọ́ínmọ́ín nínú ìkòkò náà. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje lobìnrin fi ń yangàn. Ìyá àgbà mi, tí wọ́n ti ń sè é fún ìyàwó ọba láti kékeré ní Ìsẹ́yìn, jókòó nínú ilé ìdáná ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń di mọ́ínmọ́ín tí kò ní ẹyọ ẹ̀mí kan nínú. Omijé wà lójú wọn. Wọ́n ní àlùbọ́sà ni.

A gbé e lọ. Bí Ìyá Rávì ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, Ìyá Àgbà, tó jẹ́ pé orí àga ni wọ́n ti ń kírun nítorí orúnkún, kúnlẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ. "Ẹ má bínú," ni wọ́n wí. "Mi ò mọ̀."

Ìyá Rávì ké. Níbi tó ti wá, èèwọ̀ ni kí àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọdé ló ń wólẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà. Òun náà bá balẹ̀, ó ń wá ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Orí kọlu orí, gbàmù! Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, ọ̀kan di ọwọ́ mú, ọ̀kan di kókósẹ̀ mú.

"Sọ fún un kó dìde," ni Ìyá Àgbà wí láti ilẹ̀.

"Ó ní ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dìde, màmá."

"Bi í, kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

Bàbá Rávì ló dáhùn, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Ó ní, "Ẹni tó ń tiro, tó gbé ohun tó dára jù nílé rẹ̀ wá fún ẹ. Báwo lo ṣe máa sọ fún un pé o ò fẹ́?"

Mo túmọ̀ rẹ̀, láìgé e kúrú. Ìyá Rávì tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí èyí tó lè dá dìde nínú wọn. Èmi àti Bàbá Rávì di ẹnì kọ̀ọ̀kan mú lábíyá, a sì ń wo ara wa lójú kí a lè gbé wọn lẹ́ẹ̀kan náà, torí Ìyá Àgbà ti kìlọ̀.

"Ẹ ṣọ́ra o," ni wọ́n ń wí. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ló jẹ̀bi."

Lẹ́yìn ìsìnkú Ìyá Àgbà, tọkọtaya náà wá kí wa. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga wà. Ìyá Rávì wo àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbójú sókè, ó rí àwo rẹ̀ lórí fíríìjì, ó sì yára gbé ojú kúrò. Kò tún wá mọ́. Kì í ṣe ìbínú. Bí òfin ṣe wí ni. Àwo wà lọ́dọ̀ wa, àwa ló kàn. Ṣé ó máa wá béèrè rẹ̀ ni? Mo ń ti fèrèsé wo ọ̀nà tóóró náà. Àwọn ewé gbígbẹ ti bò ó, yìnyín ló sì kù. Bó bá fi lè bọ́ sábẹ́ yìnyín láìsí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, mo mọ̀ pé ìgbà tí yìnyín bá máa yọ́, koríko á ti hù síbẹ̀, a ó sì di àwọn tó ń juwọ́ síra wọn láti inú mọ́tò.

Ìyá mi ní kí n gbé àwo náà fún wọn, òun fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Sìdí ní kí n lọ ra sàmósà. Sàmósà! Kí n ra oúnjẹ Íńdíà fún ará Íńdíà. Mo dúró síwájú fíríìjì, ojú mi wà nínú àwo, ó fẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn létí mi bí ẹni pé wọ́n wà lórí àga: èébú ló rù.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di mọ́ínmọ́ín. Àkàrà ni mo ti wò títí láti ẹnu ọ̀nà. Mo rẹ ẹ̀wà, mo bó o, mo lọ̀ ọ́. Mo gbé ìkòkò búlúù jáde nínú àpótí rẹ̀, mo da òróró sí i. Mo wá lọ wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù mi, mo wọ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń kó yìnyín, mo fi awò tí mo fi ń gé koríko bojú. Sìdí ń wò mí lórí fóònù.

"Ọ́ńkù, ṣé inú òṣùpá lẹ̀ ń lọ ni?"

"Dákẹ́."

"Ẹ sún mọ́ ọn. Àkàrà lẹ̀ ń dín, ẹ kì í ṣe ẹni tó ń ju oúnjẹ sí ẹja."

Mo sún mọ́ ọn. Ó ta. Mo sá. Mo padà. Ẹ̀rù òróró kúrò, òmíràn gba ipò rẹ̀: bí inú rẹ̀ ò bá jiná ńkọ́? Kí n gbé ẹ̀wà tútù fún àgbàlagbà lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú wọn ti rí lọ́wọ́ wa? Mo fi ìdí ṣíbí tuntun gún ọ̀kan láàárín láti wò ó. Ó jiná. Ọ̀kan yẹn jiná, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nípa ìkejì? Mo gún un. Mo gún gbogbo wọn.

Yìnyín àkọ́kọ́ ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tí mo sọdá. Mo gba ojú ọ̀nà tóóró yẹn, àwo lọ́wọ́ mi méjèèjì, aṣọ funfun lórí rẹ̀. Mo ti pinnu pé tí mo bá ti gbé e lé wọn lọ́wọ́, màá kí wọn, màá lọ.

Ìyá Rávì ló ṣílẹ̀kùn. Ó rí àwo. Ó gbà á, ó ṣí aṣọ. Lẹ́yìn náà ó mú àkàrà kan, ó gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀, ó sì ti inú ihò rẹ̀ wò mí.

"Ta ló lu àkàrà yìí nihò?"

Yorùbá ni. Ohùn rẹ̀ gùn níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó gùn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó kọ́ ọ.

"Èmi ni, mà," ni mo wí.

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí àkàrà náà. Ó pe ọkọ rẹ̀ kó wá wò ó. Ó wá na ìka sí mi, ó fi èyí tó kù parí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka nǹkan tó ti há sórí: "Ẹni tó dín in... ń wá ọ̀nà àtisá."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Òótọ́ ni, ọ̀kan ti wà lórí àtẹ̀gùn, ó ti kọjú sílé.

Wọ́n ní kí n wọlé. Mo wọlé, mo mu tíì, Bàbá Rávì bi mí pé kí ni ìròyìn, mo sì sọ ọ́ fún wọn láìgé e kúrú, títí kan pé mo ti tú báàgì. Nígbà tí mo dìde, Ìyá Rávì ti fọ àwo, ó ti nù ún gbẹ, ládù kún inú rẹ̀.

Àwo náà ti padà sórí fíríìjì, ó tún ń wò mí. Mo ti rẹ ẹ̀wà.